Bí Ẹ Ṣe Lè Parí Àwòrán Òpópónà Kan ní Ìṣẹ́jú 40 Nílùú Tí Ẹ Ti Jẹ́ Àlejò

Ìwé àwòrán tí mo kọ́kọ́ lò lókè òkun ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ojú ewé mẹ́rìnlá ni mo fọwọ́ kàn nínú rẹ̀, méjì péré ló parí. Ní ojú ewé kẹta, fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo ya irin rẹ̀, mo ya kọ́tìnnì rẹ̀, mo tún ya ẹyẹlé tó bà sí etí rẹ̀, àmọ́ ilé tó ni fèrèsé kò sí níbẹ̀. Òjò ti dé kí n tó kan ògiri.

Bó ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Ẹ dé ìlú tuntun, ẹ ra ìwé tó dáa, ẹ lọ jókòó síwájú ilé tó lókìkí jù nílùú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun kan. Wákàtí kan kọjá. Oòrùn ti yí, ọkọ̀ akẹ́rù ti wá páàkì síwájú yín, ẹ̀yìn ń ro yín, ẹ bá pa ìwé dé. Ẹ wá ń sọ pé ọwọ́ yín kò mọ̀ ọ́n yà. Mo ti jókòó ti àwọn tọ́wọ́ wọn dáa ju tèmi lọ fíìfíì, tí wọn kì í parí nǹkan kan níta. Ohun tó yẹ kó kẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe.

Ètò tí mo wá ń lò ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú tirẹ̀, tí agogo bá ti dún, ẹ kúrò níbẹ̀, yálà ó tẹ́ yín lọ́rùn tàbí kò tẹ́ yín lọ́rùn.

Ohun tí ẹ máa nílò

Kí gbogbo rẹ̀ wọ àpò kan tí ẹ lè fi kọ́ èjìká. Ibi tí ẹ ń lọ kò ní tábìlì.

- Ìwé àwòrán A5, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 14.8 sí 21. Kí bébà inú rẹ̀ wúwo tó 200 gsm (gíráàmù 200 fún mítà onígun mẹ́rin kan), ó kéré tán. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ á ká bí ewé gbígbẹ tómi bá kàn án.
- Pẹ́ńsù 2B kan, irú èyí tí ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ẹ fi rọ́bà sílé.
- Gègé méjì, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ (0.3), ọ̀kan tó sanra díẹ̀ (0.8). Kí tàdáwà inú wọn jẹ́ irú èyí tí kì í ṣí tí omi bá kàn án. "Waterproof" tàbí "pigment ink" ni wọ́n máa ń kọ sí i lára.
- Ọ̀dà olómi, àwọ̀ mẹ́fà péré: ìyeyè, pupa, búlúù méjì (kí ultramarine, ìyẹn búlúù tó jinlẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn), yellow ochre (ìyeyè bí amọ̀) àti burnt sienna (àwọ̀ bí ilẹ̀ pupa). Ẹ má ra dúdú. Tí ẹ bá po ultramarine mọ́ burnt sienna, ẹ máa rí eérú, ẹ máa rí dúdú, gbogbo òjìji inú ìlú sì wà láàárín àwọn méjèèjì.
- Búrọ́ọ̀ṣì tí a ń rọ omi sínú ọwọ́ rẹ̀.
- Kílíìpù méjì, tí ẹ máa fi di ojú ewé mú nítorí afẹ́fẹ́.
- Ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan. Ẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, kí ẹ wọ ọrùn rẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ tí ẹ fi ń di ìwé mú. Ibẹ̀ lẹ ó ti máa nu búrọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó sàn ju kéèyàn máa lé tísù kiri títì.
- Fóònù, nítorí agogo inú rẹ̀ nìkan.

Ẹni tó bá máa wọ ọkọ̀ òfurufú: ọ̀dà olómi tó ti gbẹ nínú páálí rẹ̀ kì í dá wàhálà sílẹ̀, àmọ́ turpentine, epo tí wọ́n fi ń po ọ̀dà olóróró, àti irú epo bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọkọ̀ rárá, torí ó ń gbiná. Ìgò tàdáwà tó bá ju mìlílítà 100 lọ, inú ẹrù ńlá ni kó wà, nítorí òfin omi inú àpò ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú ṣì ń lò. Gègé onítàdáwà máa ń jò lókè, torí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń fẹ̀ sí i bí ọkọ̀ ṣe ń gòkè. Ẹ rọ ọ́ kún dẹ́nu tàbí kí ẹ dà á nù pátápátá, kí ẹ sì fi ẹnu rẹ̀ sókè.

*Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìṣe:* Wọ́n á ní àwọn fẹ́ tàdáwà tí kì í ṣí, wọ́n á lọ ra tàdáwà dúdú onígọ́ọ̀mù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní India ink, wọ́n á rọ ọ́ sínú gègé olówó ńlá. Yóò gbẹ sínú rẹ̀, gègé náà á di. Tàdáwà yẹn, búrọ́ọ̀ṣì tàbí gègé tí à ń tì bọ ìgò ló wà fún.

*Àyẹ̀wò:* Kí ẹ tó jáde, ẹ fa ìlà mẹ́ta sórí bébà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì olómi gba orí rẹ̀ kọjá. Tí ohunkóhun bá ṣàn, gègé yẹn kò bá yín jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde dúró láàárín yàrá, ẹ di gbogbo ẹrù yín mú bíi pé ẹ ti wà níta, kí ẹ sì ṣe bíi pé ẹ ń kùn. Ohun tó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ fi sílé.

Ìpele 1: Ibi tí ẹ máa dúró sí (kò sí nínú ìṣẹ́jú 40)

Ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Tí ẹ bá fẹ̀yìn ti ògiri, kò sẹ́ni tó máa yọjú láti ẹ̀yìn yín. Ẹni tó bá fẹ́ wo iṣẹ́ yín á gba iwájú wá, ẹ ó sì ti rí i. Àpò yín á wà láàárín ẹsẹ̀ yín àti ògiri náà. Àlejò tó gbé àpò sílẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀, tó wá gbójú sókè ń wo òrùlé, ńṣe ló ń pe olè.

Ìbòji ló tẹ̀ lé e. Bébà funfun nínú oòrùn ń fọ́ni lójú, àwọ̀ tí ẹ bá pò níbẹ̀ kì í jọ ara rẹ̀ mọ́ tí ẹ bá délé. Ní Yúróòpù, àríwá Amẹ́ríkà àti ibikíbi tó jìnnà sókè sí agbedeméjì ayé, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń gbà. Nítorí náà, tí òpópónà bá ti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gúúsù ni ìbòji máa wà. Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ kọjú sí àríwá: ara yín á tutù, ilé tó wà lódì kejì á sì gba oòrùn dáadáa. Ní Ọsirélíà tàbí Ajẹntínà, òdìkejì rẹ̀ lẹ máa ṣe. Kọ́ńpáàsì wà nínú fóònù yín. Òjìji tí ẹ bá rí kò ní dúró dè yín: oòrùn ń fi ìwọ̀n digírì 15 yí láàárín wákàtí kan, ìyẹn ló fà á tí àwòrán wákàtí mẹ́ta fi máa ń ní òjìji tó kọjú síra wọn jà.

Ẹ yẹra fún iwájú bárékè, ibodè, ibi àyẹ̀wò ní pápákọ̀ òfurufú àti ilé ìjọba tí ológun ń ṣọ́. Lójú tiyín, ilé lẹ̀ ń yà. Lójú ẹ̀ṣọ́ tó dúró síbẹ̀, àjèjì kan ló ń kọ ibi tí ilẹ̀kùn wà sílẹ̀. Inú ibùdókọ̀ ojú irin àti àwọn ilé ìtajà ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ló ń wọlé síbẹ̀, onílé ló ni àṣẹ. Inú ilé tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí, pẹ́ńsù nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà. Kí ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó yọ gègé.

Mo ti fi ojú ara mi rí i. Ẹ̀ṣọ́ kan wá bá mi ní ibùdókọ̀ kan, ó sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ èdè rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo ń yà á lọ. Ó lọ pe ẹnì kejì wá. Ohun tó yọ mí ni pé mo ṣí gbogbo ìwé náà hàn wọ́n láti ojú ewé àkọ́kọ́, tí ọ̀kan nínú wọn sì dá òpópónà ilé ara rẹ̀ mọ̀ nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kí n tó yàwòrán kankan ní ìlú tuntun, mo ń kọ́ gbólóhùn mẹ́ta ní èdè ibẹ̀: "Ẹ káàárọ̀", "Àwòrán ni mò ń yà, fún ara mi ni", àti "Ṣé kí n kúrò ni?" Ẹ̀kẹta yẹn ló wúlò jù. Ẹni tí ẹ bá ti bi pé ṣé kí ẹ kúrò, ó máa ń ní kí ẹ dúró.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì láìyọ ìwé. Ṣé ẹnì kankan ti ní kí ẹ sún? Ṣé èrò ń gbún yín lápá? Ṣé ilẹ̀kùn kan ṣí lù yín? Tí kò bá sí èyíkéyìí, ibùdó yín nìyẹn. Ẹ tẹ agogo.

Ìpele 2: Àwòrán kékeré (ìṣẹ́jú 3)

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹ má fọwọ́ kan ojú ewé ńlá. Ní ẹ̀yìn ìwé, ẹ fi pẹ́ńsù ya àpótí mẹ́ta tí kò ju páálí ìṣáná lọ, kí ẹ ya ohun kan náà sínú wọn lọ́nà mẹ́ta. Kò sí fèrèsé, kò sí èèyàn. Ibi dúdú, ibi eérú, ibi funfun, ó tán.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Ìsọ̀ ẹni tó ń tún bàtà ṣe wà ní igun òpópónà kan, ó ní ìbòrí pupa, ilé alájà mẹ́rin sì wà lórí rẹ̀. Nínú àpótí kìíní, mo ya ilé náà látòkè délẹ̀. Ìsọ̀ náà wá kéré bí èèrà. Nínú ìkejì, mo ya ìsọ̀ náà nìkan, kò jọ pé ó wà nílùú kankan. Nínú ìkẹta, mo gé ilé náà sí àjà kejì, mo gbé ìbòrí pupa sí ọwọ́ òsì díẹ̀, mo sì jẹ́ kí òpópónà gba ọ̀tún lọ. Òun ni mo mú. Àjà kẹta àti ìkẹrin kò jẹ́ mi ní gbèsè.

*Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìṣe:* Wọ́n gbà pé àlejò gbọ́dọ̀ mú gbogbo ilé náà, torí bóyá wọn kò tún ní padà síbẹ̀ mọ́. Ojú ìwòye arìnrìn-àjò nìyẹn. Ẹni tó ń gbé ìlú náà á ya ibi tó ti ń ra búrẹ́dì.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ na ìwé jìnnà, kí ẹ dín ojú kù. Nínú àpótí tí ẹ mú, ó yẹ kí ẹ lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ ohun tí ẹ ń yà. "Ìbòrí pupa." Tó bá gbà tó gbólóhùn méjì, ẹ ya àpótí mìíràn.

Ìpele 3: Ìlà ojú àti àwọn ìlà ńlá (ìṣẹ́jú 7)

Ibí yìí ni àwòrán ti ń bàjẹ́ jù, nítorí náà mo máa pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ gbé pẹ́ńsù sí ìbú, kó ga dọ́gba pẹ̀lú ojú yín, kí ẹ wò ó bó ṣe gba ara àwọn ilé kọjá. Ìlà tí ó gbà yẹn ni ìlà ojú yín. Ẹ fà á sórí ojú ewé, fẹ́ẹ́rẹ́, láti etí dé etí. Gbogbo etí òrùlé, etí fèrèsé àti ìbòrí tó bá ga ju ìlà yìí lọ, tó sì ń jìnnà sí yín, á máa rọ wálẹ̀ síhà rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá rẹlẹ̀ sí i, bí etí títì àti ìsàlẹ̀ ògiri, á máa gòkè síhà rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba èyí gbọ́ kò nílò ìwé ìṣirò kankan mọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọpọlọ kì í fẹ́ gbà: ó mọ̀ pé òrùlé tẹ́jú, ó sì máa fẹ́ kí ẹ yà á kó tẹ́jú.

Nítorí náà, ẹ má gba ọpọlọ gbọ́, pẹ́ńsù ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ di ojú kan, ẹ na apá gbọọrọ, kí ìgúnpá má tẹ̀, ẹ wá fi ara pẹ́ńsù lé orí etí òrùlé náà bó ṣe rọ̀. Láì yí ọrùn ọwọ́, ẹ sọ apá náà kalẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ fa ìlà bó ṣe wà. Ó máa ń yani lẹ́nu bó ṣe dagun tó.

Ọ̀nà kan náà lẹ ó fi wọn nǹkan. Ẹ mú ohun kan tó dúró gírí ṣe òṣùwọ̀n. Nídìí ìsọ̀ yẹn, ilẹ̀kùn ni mo lò: láti ṣóńṣó pẹ́ńsù dé ibi tí àtàǹpàkò mi wà ni gíga rẹ̀. Mo gbé e dábùú, ìbòrí pupa jẹ́ ilẹ̀kùn méjì lé díẹ̀ ní fífẹ̀. Mo gbé e sókè, àjà kìíní jẹ́ ilẹ̀kùn kan àtààbọ̀. Òṣùwọ̀n mẹ́ta tó. Bí ẹ bá wọn mẹ́wàá, ìṣẹ́jú méje á tán sórí òṣùwọ̀n.

*Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìṣe:* Apá ni. Bí ìgúnpá bá tẹ̀ nígbà kìíní tó sì nà nígbà kejì, òṣùwọ̀n méjèèjì ti yàtọ̀ síra. Ẹlòmíràn á jókòó láti wọn nǹkan, á wá dìde dúró láti yà á. Ìlà ojú rẹ̀ ti gòkè, òun kò sì mọ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ dojú ìwé délẹ̀, kí orí rẹ̀ di ìsàlẹ̀. Ilé tó bá ń ṣubú á hàn gbangba, nítorí pé ojú yín kò ní kà á sí ilé mọ́. Ẹ tún èyí tó burú jù ṣe, ọ̀kan péré, kí ẹ máa lọ.

Ìpele 4: Èèyàn, kí ògiri tó dé (ìṣẹ́jú 5)

Ọ̀pọ̀ ló ń fi èèyàn ṣe àṣekẹ́yìn, tí wọ́n á fi rí i pé kò sáyè mọ́, tàbí kí èèyàn wọn dúró bí òmìrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ilé ò ní sá lọ. Èèyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.

Àṣírí rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, orí gbogbo àgbàlagbà tó dúró, bóyá ó wà nítòsí tàbí lọ́hùn-ún, á bọ́ sórí ìlà ojú yín tàbí nítòsí rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ló ń yàtọ̀: ẹni tó sún mọ́ yín, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà nísàlẹ̀ ojú ewé, ẹni tó jìnnà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sún mọ́ ìlà. Tí ẹ bá jókòó, ìlà náà á gba àyà tàbí ikùn wọn. Tí òpópónà bá dagun, ẹ gbàgbé òfin yìí, ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ á rì sábẹ́ ìlà.

Ẹ tò orí mẹ́rin tàbí márùn-ún sórí ìlà, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọn kò tíì sín. Ara èèyàn tó dúró ń gba nǹkan bí orí méje sí mẹ́jọ ní gígùn. Ìyẹn ni pé kí orí kéré ju bí ọkàn yín ṣe fẹ́ lọ. Kí ara fẹ̀ léjìká, kó sì máa tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, èèyàn náà ti ń rìn nìyẹn. Ẹ má ya ojú, ẹ má ya ìka.

Tí ẹni tí ẹ ń yà bá rìn lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹlòmíràn tó gbé àpò sí èjìká kan náà ń bọ̀. Obìnrin tó wà nínú àwòrán ìsọ̀ mi yẹn, orí ẹnìkan ló ní, kóòtù ẹlòmíràn ló wọ̀, ajá tó ń fà sì jẹ́ ti ọkùnrin kan.

*Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìṣe:* Wíwo èèyàn mọ́lẹ̀. Ẹ wò ó ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ padà sórí bébà, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹni tó bá fajú ro, ẹ gbé gègé kúrò, kí ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ẹ kọjú sí ògiri. Ọmọdé, mo máa ń ya ẹ̀yìn wọn nìkan. N kì í ya ojú ọmọ ọlọ́mọ tí àwọn òbí rẹ̀ á fi máa béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi ìka bo ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Tí orí wọn bá tò bí ẹni tó dúró lórí ìlà kan náà, ó ti yọrí. Ẹni tí orí rẹ̀ bá yọ jáde gan-an, ẹ sọ ọ́ di ẹni tó ga, tàbí kí ẹ gbé e sórí àtẹ̀gùn.

Ìpele 5: Gègé (ìṣẹ́jú 13)

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ sọ ní ìpele 2, ibẹ̀ ni kí gègé ti bẹ̀rẹ̀. Ìbòrí pupa ló kọ́kọ́ gba tàdáwà, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko: ìdì aṣọ rẹ̀, òjìji dúdú kirikiri tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀wọ́ bàtà tó rọ̀ sórí ìṣó. Lẹ́yìn ìyẹn, bí mo ṣe ń jìnnà sí i ni mo ń sọ díẹ̀. Ilé náà ní fèrèsé mẹ́jọ lójú mi. Mo ya méjì pé, mo ya àbọ̀ mẹ́ta, àwọn ìyókù jẹ́ ìlà kan lókè àti ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ẹni tó ń wò ó á parí wọn.

Ẹ má fi gègé tẹ̀ lé pẹ́ńsù bí ọmọ iléèwé tó ń kọ ABD lórí ìlà tí olùkọ́ fà sílẹ̀. Ẹ wo ilé, ẹ fa ìlà, kí ìlà náà já níbi tí oòrùn ti kọlu ògiri. Pẹ́ńsù wà níbẹ̀ kí ẹ má bàa ṣìnà ni.

Àkọlé ìsọ̀ ní èdè tí ẹ kò gbọ́ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ wọn àyè gbogbo àkọlé náà, pín in sí iye àmì tó wà níbẹ̀, kí ẹ tó kọ ọ̀kankan. Ẹ yà wọ́n bí ẹni tó ń ya àga tàbí ìkòkò. Ẹni tó ń ka èdè náà á mọ̀ tí ẹ bá fi àmì kan sílẹ̀, á sì sọ ọ́ fún yín, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo ti fi àṣìṣe kan sọ ilé oògùn di nǹkan mìíràn tí n kò ní kọ síbí.

*Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìṣe:* Bíríkì. Ẹ má ka bíríkì. Ẹ ya mẹ́fà tàbí méje níbi igun, kí ẹ fi sílẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ na ìwé jìnnà, kí ẹ dín ojú kù. Ibo lojú kọ́kọ́ lọ? Tó bá lọ síbòmíràn, ẹ mú gègé tó sanra, kí ẹ fi kún dúdú ibi tí ẹ fẹ́. Ẹ má gbìyànjú láti pa ibòmíràn rẹ́.

Ìpele 6: Ọ̀dà (ìṣẹ́jú 10)

Òjìji ló ṣáájú. Ẹ po ultramarine mọ́ burnt sienna pẹ̀lú omi púpọ̀. Tí búlúù bá pọ̀, òjìji á tutù, tí burnt sienna bá pọ̀, á móoru. Ẹ fi kun gbogbo ibi tí oòrùn kò dé lẹ́ẹ̀kan náà: abẹ́ ìbòrí, ẹ̀gbẹ́ ilé, ilẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, kí òjìji wọn so pọ̀ mọ́ ara wọn bí omi tó ṣàn kọjá. Láti ìsinsìnyí, ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti wá nínú àwòrán kò gbọ́dọ̀ yí mọ́, kódà tó bá ti yí lójú ọ̀run.

Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ díẹ̀, ẹ fi àwọ̀ kan tó lágbára sí ibi ọ̀rọ̀ kan yẹn. Pupa, fún èmi. Ìyókù, ẹ fi yellow ochre tó lómi dáadáa pa á lójú, kí ẹ sì fi ibi tí oòrùn ń kọ mànà sílẹ̀ ní funfun. Ọ̀dà olómi kò ní funfun tó ju ti bébà lọ.

*Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìṣe:* Ọwọ́ tí kò lè dúró. Tí ẹ bá tún fi búrọ́ọ̀ṣì olómi kan ibi tó ti ń gbẹ lọ́wọ́, omi á ti ọ̀dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì fi àpá tó dà bí òdòdó sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Nínú ọ̀rinrin, kò ní tètè gbẹ. Nínú òtútù tó bá ti sún mọ́ digírì 0, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dì lórí bébà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń parí gègé níta pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí kò ní ìka, mo máa ń kọ orúkọ àwọ̀ sí etí ojú ewé, mo sì máa ń lọ kùn ún nínú ilé kọfí. Ẹni tó bá ní ìyẹn kì í ṣe àwòrán ojúko mọ́, ẹ fún un ní ìbọ̀wọ́ yín.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka ibi tí funfun bébà ṣì wà. Tí kò bá tó mẹ́ta, ẹ ti kùn jù. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ rántí lọ́la.

Nígbà tí agogo bá dún, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì tó kù nínú 40 kọ ibi, ọjọ́ àti aago sí igun ojú ewé, pẹ̀lú ohun kan tí ẹ gbọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ bàtà yẹn, mo kọ pé: "Aago 4:10. Ó ní bàtà mi ń sunkún." Òótọ́ ni, ó tún un ṣe. Tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò ojú ewé náà, ẹ dúró sínú ìbòji, kí fóònù tẹ́jú bí ìwé ṣe tẹ́jú. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni ẹ fẹ́ fi dà á kọ láti fi tẹ̀ ẹ́ síta, 300 dpi (àmì tín-ín-tín 300 nínú ínǹṣì kan) ni ó kéré tán.

Ọjọ́ tí kò sáyè láti jáde

Ìgbésí ayé òkè òkun kì í ṣe òpópónà lásán. Ó jẹ́ ìlà gígùn ní ọ́fíìsì, yàrá tí èèyàn háyà, ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́fà àárọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ti ń dán. Nínú ọkọ̀, ẹ wá ẹni tó ń sùn tàbí ẹni tó ń tẹ fóònù, torí wọn kì í mira.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ilé ìfọṣọ tí à ń sanwó sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń kọ iye ìṣẹ́jú tó kù síwájú yín, kò sẹ́ni tó máa lé yín, àwọn tó jókòó síbẹ̀ kò sì lè sá, torí aṣọ wọn ń bẹ nínú omi. Ètò kan náà lẹ ó lò níbẹ̀, láìsí ìpele 1.

Ọ̀rọ̀ owó, ṣókí: tí físà yín bá jẹ́ ti ìbẹ̀wò, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó sọ kí ẹ tó ta àwòrán kan ṣoṣo létí títì. Lọ́pọ̀ ìlú, wọ́n ka ìyẹn sí iṣẹ́, títà létí títì fúnra rẹ̀ sì lè gba ìwé àṣẹ.

Tí ojú bá ń ro yín, ẹ wá ẹgbẹ́ Urban Sketchers, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ya àwòrán ìlú níbi tí wọ́n ti rí i, tó wà nílùú náà. Gabriel Campanario, oníròyìn ará Sípéènì tó ń gbé ní Seattle, ló dá a sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2007, wọ́n sì ti wà ní ọ̀pọ̀ ìlú báyìí. Òfin wọn kìíní ni pé ojúko ni kí ẹ ti yà á, nípa ohun tí ẹ fojú ara yín rí. Ẹ kò nílò èdè púpọ̀. Níparí ìpàdé, wọ́n máa ń ṣí gbogbo ìwé sílẹ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n á yí i ká. Ẹ má ṣàlàyé tiyín. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa wo ibi tí ìka àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń nà sí. Tó bá jẹ́ ibi ọ̀rọ̀ kan tí ẹ mú ní ìpele 2 ni, ẹ ṣí ojú ewé tó kàn. Tó bá jẹ́ fèrèsé ni, ẹ padà sí páálí ìṣáná.